Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Orúkọ Ọnọrébù Kò Sí Lórí Ìwé Ìdìbò

*Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Tíṣà. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa wá sọ́jà, ó pín ráìsì, ó ní òun á da ọ̀dà sójú ọ̀nà wa, òun á sì ra tíránsífọ́mà. Ṣé ó lè ṣe é lóòótọ́? Ìkejì, lọ́dún 2023, mo wá orúkọ olùdíje àdúgbò wa títí lórí ìwé ìdìbò, n ò rí i. Àbí ojú mi ni?*
*Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́*

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n ti ìkejì mú un. Ojú yín kò ṣe nǹkan kan. Orúkọ olùdíje kankan kò sí níbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ àti ààmì ẹgbẹ́ nìkan ni àjọ INEC ń tẹ̀ sí i: abùradà, ìgbálẹ̀, bàbá-ìyá-àtọmọ ti ẹgbẹ́ Lébọ̀, àti àwọn yòókù, àlàfo kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú tí ẹ máa tẹ àtàǹpàkò sí.

Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ ìdìbò rí, mo sì mọ bó ṣe máa ń lọ. Ọjọ́ kan náà la dìbò gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀, 18 oṣù Kẹta, 2023. Ìwé méjì lèèyàn gbà. Ti gómìnà ló ti ń rò bọ̀ láti ilé. Ààmì tó bá tẹ̀ síbẹ̀, ó di dandan kó tún tẹ̀ ẹ́ sórí èkejì, kò tiẹ̀ ní mí sí i. Ẹ bi í bó ṣe ń jáde pé ta ló dìbò fún sílé aṣòfin, á ní, "Ẹgbẹ́ wa ni." Ẹ wá wo èsì: l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹgbẹ́ gómìnà kó ìjókòó 28 nínú 32, l'Ékòó, ẹgbẹ́ gómìnà kó 38 nínú 40, méjì tó ṣẹ́ kù bọ́ sọ́wọ́ Lébọ̀ ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ẹ má sọ fún mi pé gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn la yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ká tó yàn wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ olùdíje wò, ó ti gbọ́dọ̀ ṣe é kílẹ̀ ọjọ́ ìdìbò tó mọ́. Òfin ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, ní kí INEC lẹ ìwé tí olùdíje búra lé lórí sí ẹkùn ìdìbò rẹ̀, ìwé tó kọ ọjọ́ orí àti iléèwé rẹ̀ sí. Ẹ lè sanwó kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Ibi tó dùn mí ni pé lábẹ́ òfin ọdún 2010, ẹnikẹ́ni tó bá rí irọ́ nínú rẹ̀ lè gbé olùdíje lọ sílé ẹjọ́. Ti 2022 ní ó di ẹni tó bá a du àsíá nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ̀yin lè ka irọ́ náà o, àmọ́ lábẹ́ òfin yẹn, ẹ ò lè gbé e délé ẹjọ́. Ẹ lè gbé e dé ọjà ṣá, Bódìjà ò sì kéré.

Ní ti ọ̀dà: aṣòfin kì í da ọ̀dà. Gómìnà àti káńsù ló ń gbé iṣẹ́ títì jáde. Tiẹ̀ ni láti ṣòfin, láti yẹ búdẹ́ẹ̀tì gómìnà wò kó tó di òfin, láti yẹ àwọn tí gómìnà fẹ́ fi ṣe kọmíṣánà wò, àti láti tọpinpin bí wọ́n ṣe náwó. Bó bá tún padà wá, ẹ má dárúkọ tíránsífọ́mà. Ẹ bi í pé: "Nínú búdẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, èló ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọ̀nà tó wọ ọjà wa? Bí kò bá sí níbẹ̀, ṣé wàá lè dìde sọ ọ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ ni gómìnà wà?" Kẹ́ ẹ wá máa wo ojú ẹ̀. Ní ti ráìsì, ẹ ti sè é, ó ti tán.

*Ẹ káàsán, mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, tíṣà ni mí níléèwé ìjọba kan ní Iléṣà. Mo fẹ́ díje sílé aṣòfin Ọ̀ṣun, àmọ́ n ò fẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Ṣé ó ṣeé ṣe?*
*Tíṣà Kékeré*

Ọmọ mi, ọjọ́ orí rẹ pé. Ọdún 30 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 25 lọ́dún 2018. Ìwé ẹ̀rí girama náà tó. Àmọ́ láìsí ẹgbẹ́, rárá. Ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan gbọ́dọ̀ fà ọ́ kalẹ̀. Bóo bá sì ń gbowó oṣù ìjọba, o gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò.

Owó fọ́ọ̀mù ńkọ́? Lọ́dún 2022, APC gba mílíọ̀nù méjì náírà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀. PDP gba 600,000. Fọ́ọ̀mù nìkan o, o ò tíì dé ìdìbò abẹ́lé. Èmi náà ti gba owó oṣù tíṣà rí, nítorí náà n ò ní bi ọ́ léèrè ibi tí wàá ti rí i. Wá ẹgbẹ́ kékeré tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò wọ́n, kóo kọ́kọ́ lọ jókòó sípàdé wọ́ọ̀dù wọn.

*Màmá, ọnọrébù tí a yàn l'Ákùúrẹ́ ti fò lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Báwo la ṣe máa gba ìjókòó wa padà?*
*Inú Ń Bí Mi*

Ìwé òfin ní ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé ti pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìlú yín gan-an ni ẹjọ́ tó lórúkọ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ifẹ́dayọ̀ Abégúndé wọlé sílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá pẹ̀lú àsíá Lébọ̀, ó wá bọ́ sínú ẹgbẹ́ ACN, ó ní ẹgbẹ́ òun ti pín l'Óǹdó. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínyà ìpínlẹ̀ kan kò tó, àfi kó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú ni pé olórí ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ló máa kéde pé ìjókòó ti ṣófo. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ olórí ilé ni ọnọrébù fò wọ̀, ẹ máa wò ó.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ pè é padà. Ẹ óò kọ̀wé sí INEC, iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, INEC á sì ṣe ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ láàárín 90 ọjọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní ìwọ̀-oòrùn Kogí lọ́dún 2017 sí 2018. Wọ́n kó ìbuwọ́lùwé rẹpẹtẹ jọ, àmọ́ nígbà tí INEC yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó jóòótọ́ kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe é, iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gbà ní ọ́fíìsì INEC. Ẹ pín in sí méjì, kẹ́ ẹ tún kọ̀wé sí mi.