Bi Bàbá Arìnrìnàjò: Ta Ló Ṣàwárí Nainital?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Delhi ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà ìsinmi, àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan gun òkè lọ sí Nainital, ìlú ìgbafẹ́ tó yí adágún ká. Ẹni tó tu wá lórí omi ní òyìnbó oníṣúgà kan ló ṣàwárí ibẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì dé tí pápá títẹ́jú gbalasa fi wà létí omi, tí gbogbo ìyókù ìlú sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè? (Bísọ́lá, Delhi)

Ìdáhùn: Bísọ́lá ọmọ mi, oníṣúgà wà lóòótọ́. Barron lorúkọ rẹ̀, Shahjahanpur ló ti ń ṣòwò, ọdún 1841 ló sì dé etí adágún náà. Àmọ́ àwárí wo? Àwọn ará Kumaon, agbègbè olókè tí Nainital wà, ti ń bọ òrìṣà wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Kódà Traill, òyìnbó tó ṣàkóso Kumaon, ti débẹ̀ ṣáájú, ó sì panu mọ́ nítorí pé ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni. Mo gba tiẹ̀. Barron ní tirẹ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ọkùnrin kan, Narsingh, ní òun ló ni ilẹ̀, kò sì fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Barron ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi gun òkè wá, ó tan Narsingh wọ inú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì dé àárín adágún, ó ní kó fọwọ́ sí i pé òun fi ilẹ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bómi lọ. Narsingh ò mọ̀wẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Barron fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀, bí ẹni ń dápàárá! Olè ni mo pe ìyẹn.

Bí ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ṣe bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1880, òjò rọ̀ tọ̀sán-tòru. Láàárọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún, ilẹ̀ díẹ̀ ya bo ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì Victoria, àwọn èèyàn sì sáré lọ hú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni wọ́n wà lọ́sàn-án tí òkè fi ya lulẹ̀ pátá. Ó gbé òtẹ́ẹ̀lì, ó gbé tẹ́ńpìlì òrìṣà Naina Devi, ó pa èèyàn 151, ó sì dà sínú adágún. Erùpẹ̀ yẹn ló mú pápá tí o rí gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún tẹ́ńpìlì kọ́ sí etí rẹ̀, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ dòní.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba la gọ́tà káàkiri òkè kí omi òjò má bàa rin ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ, ẹ yẹra fún oṣù Keje sí Kẹsàn-án.