Kí ẹ tó ra wúfà mìíràn, ẹ gbé èyí tí ẹ ní kúrò ní igun

Ẹ sọ fún mi pé wúfà oní-ínṣì 12 (sípíkà tó wà fún báàsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀) tí ẹ gbé sí igun pálọ̀ ń bú ramúramù dé ilé ìdáná, ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó sórí àga yín ní àárín pálọ̀, báàsì náà á pòórá, àwọn ohùn kan á sì máa pariwo ju àwọn yòókù lọ. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn to ẹ̀rọ orin sínú pálọ̀ wọn ní Ìbàdàn, wúfà gan-an kì í sábà lẹ́bi nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Yàrá ni, àti ibi tí àga wà.

Pálọ̀ yín gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 4, ó sì ga ní mítà 3. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 344 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá pín iye yìí, ẹ ó rí 34 Hz, ìyẹn ohùn tí igbi rẹ̀ ń mì ní ìgbà 34 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; òun ni yàrá yín ń gbè lẹ́yìn ní gígùn. Ti ìbú yóò jẹ́ 43 Hz, ti gíga yóò sì jẹ́ nǹkan bíi 57 Hz. Igbi àwọn ohùn wọ̀nyí máa ń lọ kan ògiri, á padà wá pàdé ara rẹ̀, á sì dúró sójú kan, tó fi jẹ́ pé ó máa ń lágbára lẹ́bàá ògiri, tí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá ní agbedeméjì. Ibi tí ó ti ń kú yẹn gan-an ni ẹ gbé àga sí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn jùjú, ẹ wò ó: okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì wà ní 41 Hz, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní 55 Hz, àwọn méjèèjì sì súnmọ́ ohùn tí yàrá yín ń gbè lẹ́yìn.

Igun ni gbogbo igbi wọ̀nyí ti ń gba agbára jù, ìdí nìyí tí àwọn tó ń tajà fi ń ní kí a gbé wúfà síbẹ̀. Ariwo ni wọ́n ń tà. Ògiri búlọ́ọ̀kù wa tún dá kún un, nítorí kì í mì, kì í sì í gba báàsì mọ́ra. Fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè ṣe nǹkan kan sí igbi 34 Hz, tó gùn tó mítà 10.

Ẹ kọ́kọ́ sún àga sẹ́yìn, títí tí yóò fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn yàrá láàárín rẹ̀ àti ògiri ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé wúfà sórí àga náà, kí ẹ lo orin tí gìtá báàsì rẹ̀ ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe èyí tí ìlù rẹ̀ ń lu ohùn kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa rákò lẹ́bàá ògiri, kí etí yín súnmọ́lẹ̀. (Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí àwọn ọmọ má baà fi yín rẹ́rìn-ín.) Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbì kan ni ẹ ó gbọ́ lórí àga bí ẹ bá gbé wúfà síbẹ̀. Ibi tí gbogbo ohùn bá ti dọ́gba jù ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ibi tó ti dún jù. Ẹ wá fi ààlà wúfà àti sípíkà (ibi tí wúfà ti ń gba ohùn lọ́wọ́ sípíkà) sí 80 Hz, kí ẹ yí bọ́tìnì phase, tó ń mú kí igbi wúfà bá ti sípíkà mu, láti 0 sí 180, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbi tí ohùn 80 Hz bá ti dún jù lórí àga.

Bí owó bá ṣẹ́ kù, wúfà kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Ẹ gbé ọ̀kan sí àárín ògiri iwájú, èkejì sí àárín ògiri ẹ̀yìn: wọn yóò pa igbi 34 Hz ti gígùn láàárín ara wọn, wọn kò sì ní ru 43 Hz sókè, nítorí agbedeméjì ìbú ni wọ́n wà. Todd Welti ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ orin Harman ṣàyẹ̀wò irú ètò yìí ní 2002, ó sì rí i pé ó dára púpọ̀.

Ẹ má fi ìkúálásà (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀) kún ìkùdù tó bá ṣẹ́ kù, ìyẹn ohùn tó bá ṣì ń kú lórí àga. Láti fi 6 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe pariwo tó) kún ohùn kan, áńpù yín yóò lo agbára ìlọ́po mẹ́rin, ìkùdù náà yóò sì gbé e mì. Òkè, ìyẹn ohùn tó pariwo ju àwọn yòókù lọ, ni ìkúálásà ń gé dáadáa, pàápàá ti 57 Hz, nítorí níbikíbi tí wúfà bá wà nílẹ̀, yóò máa ru igbi gíga yàrá sókè.