Páǹpù inú ọkàn: ẹ wo ilé yín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Ẹ kú aájò, arábìnrin mi. Ọlọ́run á gba aájò yín. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ: dókítà ní oògùn kò ká ọkàn ọkọ yín mọ́, kí ó jẹ́ kí wọ́n fi páǹpù sí i títí tí ọkàn ẹlòmíì yóò fi wà, ẹbí ní Ìbàdàn ní òyìnbó fẹ́ fi ṣe ìdánwò ni, kí ó tètè máa bọ̀ nílé, ẹ̀yin fúnra yín ò mọ ti ta lẹ ó gbọ́. Èmi ni mo tọ́jú ọkọ mi pẹ̀lú páǹpù yìí ní Houston níbí, ó lé ní ọdún mẹ́ta kí ó tó rí ọkàn gbà. HeartMate 3 ni orúkọ páǹpù tiwa. Ó jọ pé òun náà ni wọ́n ń sọ fún yín, torí HVAD tó máa ń bá a du ọjà tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró láti oṣù kẹfà ọdún 2021.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìdánwò kúrò nílẹ̀. Cape Town, nílẹ̀ Áfíríkà, ni Christiaan Barnard ti kọ́kọ́ gbé ọkàn èèyàn kan sí àyà èèyàn mìíràn, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1967. Ọjọ́ 18 ni Louis Washkansky lò, òtútù àyà ló pa á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, ní Houston tí a wà yìí, Denton Cooley fi odindi ọkàn àtọwọ́dá sí àyà Haskell Karp. Òun náà ò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pe ìgbà yẹn ní ìdánwò ò purọ́. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Àwọn tó lé ní 1,000 ni wọ́n fi wo HeartMate 3 pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún márùn-ún, 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba HeartMate 3 ló wà láàyè. Ẹ lè ní 58 kéré. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2001, àwọn tí ọkàn wọn ti bàjẹ́ dé góńgó tí wọ́n fi oògùn nìkan gbé, nǹkan bíi 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ọdún kan. Ohun tí àwọn ẹbí ń fi páǹpù wé nìyẹn, wọn ò kàn mọ̀ ni. Wọ́n rò pé ìlera àtijọ́ ló wà ní ọwọ́ kejì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Wọ́n á la àyà, wọ́n á fi páǹpù náà sí ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, yóò sì máa tì í gba inú ọ̀pá kan lọ sínú òpó iṣan ńlá. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì ló gbé ohun tó ń yí nínú rẹ̀ dúró, kò fara kan ibì kankan, ó sì ń yí ju ìgbà 5,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wáyà kan jáde láti inú ikùn wá síta, ó wọ inú kọntirólà, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí páǹpù, tí ó máa ń wà ní bẹ́líìtì, bátìrì méjì ló sì ń gbé e.

Apá òsì nìkan ni páǹpù náà ń ràn lọ́wọ́ o. Bí apá ọ̀tún bá ti rẹ̀ ẹ́ jù kí wọ́n tó ṣe é, tí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ sì ti ń ṣe bákan, iṣẹ́ abẹ náà á le gan-an, ó sì lè má bọ́ sí i. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ «ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó». Ìgbà tí ọkọ yín ṣì ń dá rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló yẹ kí ẹ pinnu, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e wọ ICU.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé ni ilé yín. Títí wọ́n á fi dá a sílẹ̀, iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá délé, ó di tiyín. Wọn ò ní jẹ́ kó kúrò ní ọsibítù bí kò bá sí ẹnìkan tí wọ́n ti kọ́ ní bátìrì, ariwo ìkìlọ̀ àti ojú egbò. Wọ́n dán mi wò bí ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC, mo sì tún un ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà ẹ bi ara yín: ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́? Ẹ̀yin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì aṣálẹ́, ta ló máa gbọ́ bí kọntirólà bá ké ní òru? Ọmọ tó wà ní yunifásítì ìlú mìíràn kì í ṣe olùtọ́jú. Àbúrò tó ní «ẹ pè mí nígbàkígbà» náà kọ́. Ẹ wá èèyàn méjì tó máa wá kẹ́kọ̀ọ́ náà pẹ̀lú yín, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin ni, nígbà tó sì yá, obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa dara pọ̀ mọ́ wa. Láìsí wọn, èmi gan-an ni wọn ì bá gbé lọ sí ọsibítù.

Ojú ibi tí wáyà ti jáde níkùn ni ogun wà. Kò ní jinná di awọ pátápátá láé, kòkòrò àìsàn sì lè gba ibẹ̀ wọlé títí kan páǹpù. A máa ń pa fáànù, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi nǹkan bo imú, kí a tó tú bándéèjì. Kò sí ìwẹ̀ odò, kò sí jíjókòó sínú omi. Wáyà náà ò gbọdọ̀ fà: ọwọ́ ilẹ̀kùn máa ń há a, ọmọ kékeré máa ń rọ̀ mọ́ ọn, kọntirólà sì máa ń já bọ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tó gbóná, tàbí tí omi ń jáde, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dé Monday.

Bátìrì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ní méjì tó kún lè gbé e tó wákàtí 17. Àwa kì í jẹ́ kó súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan la ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kì í yọ méjèèjì pọ̀ láéláé. Bí ọkọ mi bá ń lọ òde, ìyẹn ọjà tó wà nítòsí pàápàá, báàgì kan ń bá a lọ tó ní kọntirólà kejì àti bátìrì tó kún nínú. Lálẹ́ ni wọ́n máa ń so ó mọ́ iná ilé.

Iná yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn gbọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, yìnyín bọ́ sí Texas, iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà! Ẹ̀rọ tí a fi ń so páǹpù mọ́ iná ilé ké, a sáré gbé ọkọ mi sórí bátìrì, ó wo òkè, ó ní «NEPA ti tẹ̀ lé wa dé ibí.» Dókítà ti kọ̀wé fún ilé iṣẹ́ iná tẹ́lẹ̀ pé aláìsàn wà nílé wa, wọ́n sì ti fi orúkọ wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò ní kí iná má lọ. Bàbá Ìjẹ̀ṣà kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe nílùú òyìnbó. Ilé bàbá yìí la gbé ṣájà lọ. A ò so ọkọ mi fúnra rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ o, bátìrì nìkan ló ń gba iná níbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn panápaná àdúgbò yín kí ẹ tó gbé e délé, kí wọ́n mọ irú ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ti mọ ibi méjì tó ní iná tí ẹ lè sá lọ.

Bí ó ṣe rí nìyẹn ní Houston. Ẹ wá rò ó fún Ìbàdàn: iná, ẹni tó máa tún kọntirólà ṣe, bándéèjì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, dókítà tó ti rí páǹpù náà rí. Kì í ṣe pé ilé ò dùn. Bí ó bá ti gba páǹpù náà, ẹ ò gbọdọ̀ padà sí Ìbàdàn láìjẹ́ pé àwọn dókítà rẹ̀ bá yín ṣètò rẹ̀.

Warfarin ni oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú páǹpù. INR, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tiwa, láàárín 2 sí 3 ni wọ́n fẹ́ kó wà. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì, kí ó sì lọ sí ọpọlọ. Bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, nínú ìfun ní pàtàkì. Àwọn kan á ní kí ẹ má fún un ní ẹ̀fọ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ó lè jẹ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n iye tó ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí ni kó máa jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àgbo ni kí ẹ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá ọkọ mi fi ìgò kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé e pamọ́, mi ò sì jẹ́ kó kan ẹnu ọmọ wọn.

Ẹ̀rín kékeré kan: iṣan ọwọ́ rẹ̀ lè má lù mọ́, torí páǹpù kì í lù bí ọkàn, ńṣe ló ń ti ẹ̀jẹ̀ láìdúró. Nọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa di ọwọ́ ọkọ mi mú lọ́jọ́ kan tó ń tòògbé, kò gbọ́ nǹkan kan, ó figbe ta. Ẹ̀rọ Doppler, tó ń fi ìró wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, la fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó lè pe áńbúláǹsì. Agbádá sì dára púpọ̀ fún wọn. Bátìrì méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, ó jó níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Ní ti ọ̀rọ̀ yàrá láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bi nọ́ọ̀sì páǹpù wọn. Kò sóhun tí wọn ò tíì gbọ́.

Ẹ má rò pé ọkàn á tètè dé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín àwọn tó ń dúró sí ní Amẹ́ríkà, ìpele kìíní ni ti àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kánjú jù, ẹni tí páǹpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó sì wà nílé, ìpele kẹrin ló sábà máa ń wà. Irú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi, O ni. Ẹni tó bá jẹ́ O, ọkàn ẹni O nìkan ló lè gbà. Wọ́n tiẹ̀ pè wá lẹ́ẹ̀kan, a ti wọ aṣọ ọsibítù, wọ́n ní ọkàn náà ò dára tó. Nígbà tí èyí tó dára dé, oògùn mìíràn bẹ̀rẹ̀, kí ara má baà kọ ọkàn náà: tacrolimus tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, prednisone tó gbé ṣúgà rẹ̀ sókè, ọ̀nà ọrùn tí wọ́n ń gbà bu ẹran ọkàn wò bóyá ara ti ń kọ̀ ọ́. Grapefruit, èso tó jọ ọsàn tí kì í bá tacrolimus mu, ò wọlé wa mọ́.

Bí ẹ bá padà lọ bá àwọn dókítà, ẹ bi wọ́n bí apá ọ̀tún ọkàn àti kíndìnrín ṣe rí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti wò ó fún amyloid, ìyẹn purotéènì tó máa ń kó jọ sínú ẹran ọkàn. Wọ́n sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa gbogbo rẹ̀, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àbùdá kan tó ń fa amyloid wà lára àwa tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá, bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló ní in, tó máa ń mú kí ọkàn nípọn kó sì le. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá páǹpù mu, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ bèèrè ohun tí íńṣọ́ránsì máa san lórí bándéèjì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a lẹ́yìn. Ẹ sì ní kí wọ́n mú ẹnìkan tó ń lo páǹpù náà wá kí ọkọ yín fojú ara rẹ̀ rí i. Bí wọn ò bá rí ẹnìkankan, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Ọkọ mi ti gbà láti bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kó má bọ́ sí ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ.