Kí ló dé tí Ravel fi kọ orin ijó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ogun pa?

Ẹnìkan bèèrè pé: bí Le Tombeau de Couperin (Ibojì Couperin), orin pianó tí Maurice Ravel, olórin Faransé, kọ bá jẹ́ orin ìrántí òkú lóòótọ́, ẹkún inú rẹ̀ dà? Ìbéèrè náà yé mi. Láàárín wa, òkú àgbà là ń jó fún. Bí ọ̀dọ́ bá kú, òfò ni.

Àṣà àwọn olórin Faransé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Ravel gbé dìde. Bí ọ̀gá kan nínú wọn bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ohun èlò dá a lórin, wọn á sì pe orin náà ní tombeau, ìyẹn ibojì. Nígbà tí Blancrocher, tó ń ta lúùtù (ohun èlò olókùn tó jọ gìtá), já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ní 1652 tó sì kú, olórin kan tó ń jẹ́ Froberger kọ tirẹ̀ fún un, Louis Couperin náà kọ tirẹ̀. (François, ọmọ àbúrò Louis yìí, ni Couperin tí Ravel fi sọ orin tirẹ̀.) Ní ìparí ti Froberger, ńṣe ni ohùn ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ irú orin bẹ́ẹ̀, orí ijó tó ń rọra rìn ni wọ́n gbé e lé. Ijó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó bí Ravel.

Ohun tí Ravel ṣe ni pé ó mú ijó tó yá: Forlane, Rigaudon, Menuet, ó wá fi Prélude, Fugue àti Toccata, tí kì í ṣe ijó, kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ó parí rẹ̀ ní 1917. Láàárín ìgbà yẹn, ó fẹ́ wa ọkọ̀ òfuurufú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ní ara rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ọkọ̀ akẹ́rù ló padà wà lágbègbè Verdun, ojú ogun kan ní ilẹ̀ Faransé. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù kìíní 1917. Orin mẹ́fà ni, orúkọ òkú ogun sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì ló wà lórí Rigaudon, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ Gaudin, tí ọta àgbá kan náà pa. Joseph de Marliave ló ni Toccata. Ìyàwó rẹ̀, Marguerite Long, ló sì kọ́kọ́ tẹ gbogbo orin náà fáráyé gbọ́ ní Paris, ní April 1919. Ẹ rò ó wò: opó ló ń tẹ orin ọkọ rẹ̀, èyí tó yá jù tó sì le jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà!

Nígbà tí àwọn kan ní ó ti dùn jù fún orin òkú, wọ́n ní Ravel fèsì pé ìbànújẹ́ tó wà lọ́rùn àwọn òkú ti tó wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ẹkún, kó fetí sí àárín Menuet. Orin náà á ṣókùnkùn lójijì, ohùn á máa ga sí i, kó tó tún padà sí ijó rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ wá èyí tí wọ́n fi pianó tẹ̀ o, nítorí mẹ́rin péré ni Ravel tún kọ fún ọ́kẹ́sírà. Fugue àti Toccata kò sí níbẹ̀.