Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọ̀pá Wo Ni Ó Yẹ Ẹni Tí Ó Ń Fi Ìwọ̀ Mú Ẹja Kápù?

Lẹ́tà mẹ́rin ni ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lórí ọ̀pá tí a fi ń mú ẹja kápù. A gé wọn kúrú díẹ̀, a sì dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ọ̀pá ìpẹja fún kápù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí ara àwọn ọ̀pá náà rú mi lójú. Ọ̀kan jẹ́ pọ́ùn 2.75, èkejì jẹ́ pọ́ùn 3, ẹ̀kẹta sì jẹ́ pọ́ùn 3.5. Ẹni tí ó ń tà wọ́n ní bí nọ́ńbà náà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹja tí ọ̀pá lè gbé yóò ṣe tóbi tó. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò sọ bí ẹja tí ẹ ó mú yóò ti wúwo tó. Bí ọ̀pá ti le tó ni ó ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: wọn a de ìdí ọ̀pá mọ́ nǹkan kí ó lè wà ní ìbùú, wọn a so ẹrù mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, wọn a sì máa fi kún ẹrù náà títí ṣóńṣó yóò fi tẹ̀ tí yóò dojú kọ ilẹ̀ gan-an. Bí ó bá gba pọ́ùn 3, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.36, kí ọ̀pá kan tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá pọ́ùn 3 ni a ń pè é.

Àǹfààní nọ́ńbà náà ni pé ó ń jẹ́ kí a mọ ìwúwo òjé (èyí tí a ń so mọ́ okùn kí ìwọ̀ lè rì) tí ọ̀pá lè jù láìsí ìpalára. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ apẹja ń lò ni áúnsì òjé kan fún pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pá pọ́ùn 3 yóò ju òjé áúnsì 3, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 85, pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ẹ bá máa ń so àpò oúnjẹ kékeré tí ó ń yọ́ nínú omi mọ́ ìwọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ka ìwúwo òun náà mọ́ ti òjé. Ẹ má sì rò pé nítorí ọ̀nà jíjìn nìkan ni a fi ń lo òjé tí ó wúwo. Ìsàlẹ̀ omi ni kápù ti sábà máa ń jẹun. Ó ń fa oúnjẹ sẹ́nu, ó sì ń tu èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn jáde kíákíá, ìwúwo òjé tí kò tètè ṣí nípò ni ó sì ń mú kí ìwọ̀ gún un ní ètè bí ó ti ń yí padà láti lọ. Láti ìgbà tí irú ìdẹkùn bẹ́ẹ̀ ti gbòde ni ọ̀pá kápù ti ń le sí i.

Ní ti ẹja ńlá, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní ọdún 1952, apẹja kan tí ń jẹ́ Richard Walker mú kápù pọ́ùn 44 ní adágún Redmire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pá ọparun tí ó fúnra rẹ̀ ṣe ètò rẹ̀, tí a mọ̀ sí Mk IV, ni ó lò, agbára ọ̀pá náà kò sì ju nǹkan bíi pọ́ùn 1.5 lọ. Kò tó ìdajì èyí tí ó le jù nínú mẹ́ta tí wọ́n fi hàn yín. Okùn, bíréèkì ríìlì (ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí), àti sùúrù ẹni tí ó di ọ̀pá mú ni wọ́n ń dá ẹja lágara. Ọ̀pá kàn wà láàárín wọn láti gba ìjà náà sára kí okùn má baà já ni.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹja tí ẹ ń lá àlá rẹ̀ ni ẹ ó fi yan ọ̀pá, bí kò ṣe omi tí ẹ ń lọ àti bí ìwọ̀ yín yóò ti jìnnà tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ ní, tí ẹ kò sì ní ju ìwọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 80, pọ́ùn 2.75 ni èmi yóò mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá 100 mítà lemọ́lemọ́ ni pọ́ùn 3.5 wà fún.

Ìbéèrè: Ọ̀pá pọ́ùn 3.5 ni mo ń lò ní adágún kékeré kan, ìwọ̀ mi kì í sì í kọjá mítà 30. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ẹja nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n fi àwọ̀n gbé e. Ṣé ìwọ̀ náà ni kò mú ni?

Ìdáhùn: Ẹ lè yẹ ẹnu ìwọ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn ni mo fura sí. Nígbà tí ẹja bá wà lọ́nà jíjìn, okùn ọ̀rá tí ó gùn láàárín yín máa ń nà, nínà yẹn sì ń dín agbára ìfà ẹja kù. Bí ẹja bá ti dé ẹ̀bá ẹsẹ̀ yín, okùn tí ó kù kò tó ohun tí ó lè nà mọ́, ọ̀pá nìkan ni ó sì kù tí ó lè tẹ̀. Ẹnu ìta kápù kò ní eyín, nítorí inú ọ̀fun ni eyín rẹ̀ wà. Ẹran ètè lásán ni ìwọ̀ dì mú. Bí ẹja bá já lójijì, tí ọ̀pá sì dúró gan-an bí ọmọ orógùn, ojú ihò tí ìwọ̀ gún yóò fẹ̀ sí i, ìwọ̀ yóò sì yọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ bí ọ̀pá ṣe ń tẹ̀ ti wọlé, nítorí pé ọ̀pá méjì tí nọ́ńbà wọn dọ́gba lè yàtọ̀ pátápátá lọ́wọ́. Irú kan wà tí ó jẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ó ń tẹ̀, tí ara tó kù le. Ó dára fún jíjù sí ọ̀nà jíjìn. Irú kejì ń tẹ̀ bí atòrì láti ṣóńṣó títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ìdìmú, òun ni ó sì ń bá ẹja jà dáadáa nítòsí. Ìkẹta wà láàárín méjèèjì: ṣóńṣó ni ó kọ́kọ́ ń tẹ̀, bí ìfà ẹja bá sì ti ń pọ̀ sí i ni títẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀. Fún adágún kékeré yín, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹ wá irú kejì tí agbára rẹ̀ wà láàárín pọ́ùn 2 sí 2.5. Kí ẹ tó rí i rà, ẹ máa dẹ bíréèkì ríìlì díẹ̀ bí ẹja bá ti súnmọ́ àwọ̀n.

Ìbéèrè: Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gbogbo ènìyàn ní kí n rà, ṣùgbọ́n igi pọ̀ ní etí omi tí mo ń lọ, ẹ̀ka wọn sì ṣíji bo orí omi. Ǹjẹ́ mo lè lo èyí tí ó kúrú?

Ìdáhùn: Ẹ lè lò ó, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn mítà 3.66, gbajúmọ̀ nítorí pé ó ń ju òjé jìnnà, ó sì ń gbé okùn ga kọjá koríko àti òṣíbàtà tí ó wà ní etí omi. Lábẹ́ igi, gígùn yẹn yóò kàn máa kọ́ ẹ̀ka ni. Ẹsẹ̀ bàtà 9 tàbí 10 ni kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀pá tí ó kúrú kò ní láti rọ̀: bí gbòǹgbò igi bá wà nínú omi níbẹ̀, ẹ nílò èyí tí ó le díẹ̀, bíi pọ́ùn 2.75, kí ẹ lè dá ẹja dúró kí ó tó sá wọ inú wọn. Ìmọ̀ràn yìí yàtọ̀ sí èyí tí mo fún òǹkàwé tí ó ṣáájú yín, nítorí pé omi yín yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fẹ́ ta ọ̀pá kábọ̀nù tí ó ti lò fún mi. Kí ni kí n yẹ̀ wò, ṣé kábọ̀nù sì sàn ju fáíbà onígíláàsì lọ?

Ìdáhùn: Kábọ̀nù fúyẹ́, ó sì tètè ń padà sí títọ́ lẹ́yìn tí ó bá tẹ̀, nítorí náà òun ni èmi fẹ́ràn, ṣùgbọ́n fáíbà máa ń fara da kíkọlù ju kábọ̀nù lọ. Ohun kan tí n kò ní fi sílẹ̀ láìsọ ni pé iná mànàmáná ń gba ara kábọ̀nù kọjá. Ẹ má gbé e sókè lábẹ́ wáyà iná, ẹ sì gbé e sílẹ̀ bí àrá bá ti ń sán.

Ní ti yíyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ to ọ̀pá náà pọ̀, kí ẹ wò ó láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kí àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá wà ní ìlà kan ṣoṣo. Ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan. Bí òwú bá kọ́, ojú òrùka ti sán, yóò sì máa gé okùn yín. Ẹ gbọn ọ̀pá náà, kí ẹ tẹ́tí sí oríkèé rẹ̀ bóyá ó ń ró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tọ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé ibi tí kábọ̀nù ti fi ara gbá òkúta rí lè má hàn sí ojú, síbẹ̀ ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi gbogbo agbára jù ú. Òrùka tí ó bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀, ẹ sì lè torí rẹ̀ ní kí wọ́n dín owó kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kan ojú sísán lára ọ̀pá fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ń tà á.