Ṣé Ọkọ̀ Oníná Ṣeé Lò fún Ẹni tó ń Gbé Winnipeg Nígbà Òtútù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òtútù. Nọ́ọ̀sì ni mí, Winnipeg sì ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Lójúmọ́, mo máa ń wa ọkọ̀ tó 60 kìlómítà láti gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé àti láti lọ síbi iṣẹ́. A tún máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Brandon lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Owó epo ti ń wọ̀ mí lọ́rùn, mo wá ń rò ó láti ra ọkọ̀ oníná àlòkù, irú èyí tí wọ́n ní ó lè rin 400 kìlómítà kí iná inú rẹ̀ tó tán. Ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òtútù -30 °C tó máa ń mú níbí nínú oṣù Ṣẹẹrẹ yóò pa bátìrì náà láàárín ọdún kan, àti pé lọ́jọ́ tí yìnyín bá dá wa dúró lójú ọ̀nà, inú ọkọ̀ náà ni a ó gan sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN

Mo kí yín, mo sì kí baálé yín, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Ewu wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tó ń wò yẹn ló wà. Iná ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe, àwọn ọkọ̀ oníná sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní gbogbo ìgbà òtútù. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan ni ibi tí ọkọ̀ náà yóò máa sùn. Ẹ sọ iye kìlómítà tí ẹ ń rìn, ẹ sì sọ irú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ bóyá ilé tiyín ni ẹ ń gbé tàbí àpátímẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni yóò sọ bóyá ọkọ̀ náà yóò tù yín lára tàbí yóò di wàhálà. N óò padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá baálé yín lóhùn. Òtútù kì í pa bátìrì lítíọ́mù. Ńṣe ló ń mú un lọ́ra. Omi kẹ́míkà kan wà nínú bátìrì náà tí àwọn èròjà lítíọ́mù ń gbà kọjá láti apá kan sí èkejì, yálà nígbà tí a bá ń lo iná tàbí nígbà tí a bá ń ṣáàjì. Bí òtútù bá ti mú, omi náà á ki, ìrìn àwọn èròjà yìí á falẹ̀, bátìrì kò sì ní lè tú gbogbo agbára inú rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ó gba iná wọlé kíákíá. Tí ara rẹ̀ bá tún móoru, agbára náà á padà. Ohun tó lè pa á lára gidi ni kí a máa ti iná púpọ̀ sínú rẹ̀ nígbà tó bá ti tutù ju òdo lọ, nítorí pé lítíọ́mù lè di irin kí ó sì lẹ̀ mọ́ inú bátìrì láìṣeé lò mọ́. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í gbà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀: yóò kọ́kọ́ fi iná mú bátìrì lọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ kí èyí tó kù wọlé. Tí ẹ bá ń wá ohun tó ń tètè sọ bátìrì di ògbólógbòó, ooru ni. Ọkọ̀ oníná tí oòrùn Èkó ń pa láràárọ̀ ni bátìrì rẹ̀ yẹ kó máa já èèyàn láyà, kì í ṣe ti Winnipeg.

Ohun tí òtútù ń gbà lọ́wọ́ yín ní tòótọ́ ni ìwọ̀n ọ̀nà tí ẹ lè rìn, híità ló sì ń jẹ apá tó pọ̀ níbẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó wà nínú epo tí ẹ ń rà ni ẹ́ńjìnnì ń sọ di ooru lásán. Ooru yẹn náà ni ọkọ̀ ń fẹ́ sí yín lára, tí ẹ fi ń rò pé ọ̀fẹ́ ni híità. Mọ́tò ọkọ̀ oníná ń lo nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iná tó gbà láti fi yí táyà, nítorí náà kò ní ooru àjẹkù tí yóò fún yín. Inú bátìrì ni ìmóoru yín gbọ́dọ̀ ti wá, híità sì lè fa 5 kílówáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò bí ìta bá wà ní -30. Ẹ tún fi ti afẹ́fẹ́ kún un, nítorí afẹ́fẹ́ -30 fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ki ju ti ọjọ́ tó wà ní 20 °C lọ, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ la á kọjá. Yìnyín ojú ọ̀nà àti táyà òtútù náà ń gba tiwọn.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n kọ 400 kìlómítà sí lára lè rin nǹkan bí 300 ní -10. Ní -30, lórí òpópónà, ẹ fọkàn sí 200. Àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ èyí. Norway ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, níbi tí nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà ní 2024 ti jẹ́ oníná. Òótọ́ ni, ó sì fi hàn pé òtútù kì í ṣe èèwọ̀ fún ọkọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n omi òkun ló ń dín òtútù etíkun Norway kù. Winnipeg wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀, kò sì sí ohun tó ń bá a dín tirẹ̀ kù.

Ìrìn kúkúrú kúkúrú tún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá já àwọn ọmọ sílẹ̀, tí ẹ dé ibi iṣẹ́, tí ọkọ̀ dúró síta fún wákàtí mẹ́jọ, gbogbo ohun tí ẹ ti mú gbóná láàárọ̀ ti tutù nígbà tí ẹ ó bá padà jáde, híità á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. 60 kìlómítà tí ẹ ń rìn lóòjọ́ lè jẹ nǹkan bí 18 sí 20 kílówáàtì-wákàtì nígbà òtútù líle. Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ gba 60 kílówáàtì-wákàtì yóò rù ú láìsí ìṣòro, bí ẹ bá ti lè dá ohun tó jẹ padà lóru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Winnipeg ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì níta, èyí tí a ń lò láti mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ lóru, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ìyẹn ti tó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 120 fóòtì (volt) náà kì í fún ọkọ̀ ju nǹkan bí 1.4 kílówáàtì lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọkọ̀ bá lo wákàtí méjìlá lórí rẹ̀, ó lè gba iná tí yóò rin bí 80 kìlómítà. Ní -30, apá púpọ̀ nínú iná kékeré yẹn ni bátìrì yóò fi máa mú ara rẹ̀ gbóná. Mo ti rí ọkọ̀ tó sùn mọ́ ọn di òwúrọ̀ tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà lálẹ́. Ti àpátímẹ́ǹtì tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ onílé ti so ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á sí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì ibi ìgbọ́kọ̀sí kí owó iná má baà pọ̀. Ẹ́ńjìnnì kò bìkítà. Ọkọ̀ oníná kò lè gbà á.

240 fóòtì ni kí ẹ lọ fún, irú èyí tí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ń lò. Bí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ bá fa wáyà rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró, tó sì gbé ẹ̀rọ ṣáàjì sí i, yóò máa fún un ní nǹkan bí 7 kílówáàtì, ohun tí ẹ jẹ lóòjọ́ yóò sì padà láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Àǹfààní kejì pọ̀ tó ti àkọ́kọ́: bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ẹ máa ń jáde, ẹ ó sọ fún ọkọ̀ lórí fóònù pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti aago mẹ́fà nígbà tí wáyà ṣì wà lára rẹ̀. Iná ilé ni yóò fi mú bátìrì àti inú ọkọ̀ gbóná, yìnyín á ti yọ́ kúrò lójú gíláàsì, ẹ ó sì jáde pẹ̀lú bátìrì tó kún. Bí ẹ bá ní gáréèjì, kódà èyí tí kò ní híità, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní ibi tí yóò máa sùn, ẹ lè wá yan ọkọ̀. Ẹ béèrè bóyá ó ní heat pump, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa ooru ìta wọlé dípò kí ó máa jó iná láti dá tirẹ̀. Tesla Model 3 ti 2021 ní in, àwọn ti ọdún tó ṣáájú kò ní in. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu lára rẹ̀ o: nítòsí òdo, ó lè fi iná kan fún yín ní ooru méjì sí mẹ́ta, àmọ́ bí òtútù bá ti kọjá -20, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Lójú tèmi, ìjókòó àti ìdarí ọkọ̀ tó ń móoru wúlò jù ú lọ lọ́jọ́ -30, nítorí wáàtì mélòó kan ni wọ́n ń jẹ, ara yín tààrà ni wọ́n sì ń mú gbóná. Nissan Leaf àlòkù pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì ga, ṣùgbọ́n kò ní omi tó ń yí bátìrì ká láti tọ́jú ìwọ̀n ooru rẹ̀. Fún àárín ìlú, ó dára, fún Brandon, ẹ fi sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá yín wo ìwọ̀n ìlera bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Brandon fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 215 kìlómítà. Ọkọ̀ tí ẹ ń wò yìí kò ní dé ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan lọ́jọ́ -30 tí ẹ bá ń sá 110 lórí òpópónà Trans-Canada. Portage la Prairie ni kí ẹ ti dúró, ó jìn tó 85 kìlómítà sí Winnipeg, iná yín yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ di 90 nínú 100 kí ẹ tó kọjá. Ẹ wo orí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé bóyá ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ibẹ̀ sínú máàpù ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ ń lọ ṣáàjì, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú bátìrì gbóná sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àìmú bátìrì gbóná wà lára ohun tó dá ìlà gígùn sílẹ̀ níbi ṣáàjì Tesla ní Chicago nínú oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, nígbà tí òtútù líle dé: bátìrì tutù, ó kọ̀ láti gba iná kíákíá, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń fi ìwọ̀nba tiwọn ṣiṣẹ́ híità bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ní ti yìnyín tó lè dá yín dúró, híità inú ọkọ̀ tó ti móoru tẹ́lẹ̀ ń fa nǹkan bí 3 sí 4 kílówáàtì. Bí ìdajì bátìrì 60 kílówáàtì-wákàtì bá ṣẹ́kù, ẹ ní wákàtí méje sí mẹ́wàá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá dín híità kù tí ẹ tan ìjókòó nìkan. Ọkọ̀ onípẹtiróò tí táńkì rẹ̀ kún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ bí yìnyín bá dí pàípù èéfín rẹ̀, èéfín tí kò ní òórùn lè pa gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ oníná kò sì ní pàípù èéfín. Èyí tó wù kí ẹ wà, ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ṣọ́bìrì sínú bùùtù.

Ohun kan tí yóò ṣe yín ní kàyéfì láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ni bíréèkì. Lójoojúmọ́, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré, mọ́tò náà ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn tó sì ń dá iná padà sí bátìrì. Bátìrì tó tutù kò lè gba iná yẹn, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ níwájú ju bí ẹ ṣe retí lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì gidi, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ níwájú. Ẹ má gbàgbé bátìrì kékeré 12 fóòtì pẹ̀lú: ó ṣì wà nínú ọkọ̀ oníná, òun ló ń jí kọ̀ǹpútà rẹ̀, òtútù sì lè dá a dúró bó ṣe ń dá ti ọkọ̀ yòókù dúró. Bí ó bá ti tó ọdún mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí oṣù Bélú tó parí.

Tó bá jẹ́ pé ilé tiyín ni, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó wá wo àpótí tí iná ilé yín ti ń pín bóyá ó lè gba 240 fóòtì sí i, kí ẹ tó dúnàá dúrà ọkọ̀ kankan. Tó bá jẹ́ àpátímẹ́ǹtì, ẹ lọ bá onílé, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ ní kíkọ sílẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ wo ọkọ̀ tó ní bátìrì tó ṣeé ṣáàjì tó sì tún ń lo epo, tàbí kí ẹ dúró ti èyí tí ẹ ní títí ẹ ó fi kó lọ sílé mìíràn.