Ṣé nikẹ́lì lè ṣe iṣẹ́ platínọ̀mù? Ìdáhùn fún ríwáyà kan ní Iléṣà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ríwáyà ni mí ní Iléṣà, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 fẹ́ fi iná bátìrì yọ háídírójìn lára omi fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn. Ìwé tó kà ní platínọ̀mù ni wọ́n ń lò. Níbo la ti fẹ́ rí ìyẹn? Irin wo ni kò wọ́n tó lè ṣe é? Ṣé góòlù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa yìí ò lè ṣe é ni? Ẹnì kan tún fẹ́ ta ẹ̀rọ kan fún mi, ó ní bí mo bá so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, omi ni màá máa fi tan iná dípò bẹntiróòlù. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má ra ẹ̀rọ yẹn. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ lóhùn, torí ìbéèrè tirẹ̀ gan-an niṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ níbí ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín ti ń ṣe háídírójìn tipẹ́. Bí ẹ bá ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀, tó kún tán, tí omi inú rẹ̀ wá ń hó, háídírójìn àti ọ́síjìn ló ń tú jáde lójú ihò yẹn. Òun ló ń mú kí bátìrì bú gbàù bí iná bá ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nicholson àti Carlisle ti fi iná ya omi báyìí ní London lọ́dún 1800, ọdún kan náà tí Volta kéde bátìrì rẹ̀.

Ní ìṣirò, fọ́ltì 1.23 tó láti ya omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní 1.23 péré, ẹ ò ní rí ìfófó kankan tó ṣeé fojú rí. Ojú irin ni gbogbo iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Háídírójìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin, kó rí èkejì rẹ̀, kí méjèèjì so pọ̀ di gáàsì, kí wọ́n tó bọ́ lọ. Irin tó bá dì í mú jù kò ní jẹ́ kó lọ. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ̀ jù kò ní jẹ́ kó dúró pàdé ẹnì kejì. Bí ẹni di ẹyin mú ni. Platínọ̀mù mọ̀ ọ́n dì mú. Ọwọ́ góòlù rọ̀ jù, nítorí náà góòlù Ìjẹ̀ṣà níyì lọ́jà o, ṣùgbọ́n kò bá iṣẹ́ yìí mu. Nikẹ́lì ń dì í mú ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá pò ó pọ̀ mọ́ irin mìíràn tó ń jẹ́ molybdenum, ó ń sún mọ́ platínọ̀mù gan-an. Irin tó ń mú iṣẹ́ yá báyìí, tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán sínú iṣẹ́ náà, là ń pè ní kátálíìsì.

Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń lo platínọ̀mù tó fi ìgbà ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n ju nikẹ́lì? Ásíìdì ni. Inú àwọn ẹ̀rọ kan tó ń ya omi dà bí inú ásíìdì, ó máa ń jẹ nikẹ́lì run, irú àwọn irin ọ̀wọ́n bíi platínọ̀mù àti irídíọ̀mù ló ń fara dà á dáadáa. Irídíọ̀mù tí gbogbo ayé ń wà jáde kò pé tọ́ọ̀nù 10 lọ́dún, Gúúsù Áfíríkà ló sì ti ń wá jù. Ṣùgbọ́n nínú omi tó dà bí omi eérú, nikẹ́lì á dúró digbí. Potásíọ̀mù tó wà nínú eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, òun náà ló wà nínú omi tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ oníníkẹ́lì ńláńlá, àmọ́ tiwọn le ju ti ọlọ́ṣẹ lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Bí ẹ bá gbé odindi iṣu kaná, ó máa pẹ́ kó tó jinná. Bí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́, kíá ni, torí ojú tí omi gbígbóná ń kàn ti pọ̀ sí i. Ẹ mú nikẹ́lì tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6 lọ. Ká wá gé e títí tí ègé kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ nanomítà 10, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan tí a pín sọ́nà mílíọ̀nù kan. Ojú tó ní á di mítà onígun mẹ́rin 600, kò jìnnà sí pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Nikẹ́lì tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé nìyẹn o!

Ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀bẹ gé e. Murray Raney, ọmọ Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n kan dá láàárín ọdún 1920 sí 1930: ó yọ́ nikẹ́lì pọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, ó da kọ́sítíìkì sódà sí i, sódà jẹ alumíníọ̀mù jáde, nikẹ́lì ṣẹ́ kù bíi fóòmù oníhò wínníwínní. Wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Níhà tí ọ́síjìn ti ń jáde, ìdọ̀tí irin lásán, irú èyí tó ń dípẹtà, tó wà nínú omi ló kọ́kọ́ fi han àwọn oníṣẹ́ pé nikẹ́lì tó ní irú irin bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lára ń ṣiṣẹ́ ju nikẹ́lì nìkan lọ fíìfíì. Lórí tábìlì mi, páànù nikẹ́lì dídán máa ń ní ìfófó ńláńlá tó lẹ̀ mọ́ ọn tí kò fẹ́ kúrò, tó sì ń bo ojú rẹ̀. Lára èyí tó rí kíṣikìṣi, ìfófó á kéré bí ti ẹmu àárọ̀, á máa gòkè láìdúró.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀rọ yẹn. Kátálíìsì ń dín òfò kù, kò lè dá agbára tí kò sí sílẹ̀. Ẹ to ike omi mẹ́fà, tí páànù nikẹ́lì méjì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ léra wọn mọ́ bátìrì fọ́ltì 12, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba fọ́ltì 2, kí áńpíà 10 gba inú wọn fún wákàtí kan. Wáàtì 120 fún wákàtí kan lẹ ná. Háídírójìn bíi lítà 27 lẹ máa rí, kò wọn gíráàmù mẹ́ta. Agbára inú rẹ̀ tó wáàtì 75 fún wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sọ di iná, ó ku 15. Gílóòbù oníwáàtì 15 kan fún wákàtí kan! Ká ní ẹ so ó mọ́ bátìrì yẹn tààrà ni, wákàtí mẹ́jọ ni ì bá fi tàn. Háídírójìn tó ti jóná tán ni omi, eérú ni. Ta ló ń fi eérú dáná?

Ibi tí kátálíìsì ti ń gbani ni ilé iṣẹ́ tó ń fẹ́ háídírójìn fúnra rẹ̀, bí àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀. Tí ike kan bá ń gba fọ́ltì 2, kílò háídírójìn kan ń jẹ iná bíi yúnìtì 53. Bó bá wálẹ̀ sí 1.8, á di bíi 48. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra yúnìtì mọ ohun tí márùn-ún jẹ́ lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílò.

Ó ku ti ọmọ. Ẹ wá páànù nikẹ́lì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń to bátìrì lítíọ́mù fi ń so orí wọn pọ̀. Màgínẹ́ẹ̀tì kò lè yà á sọ́tọ̀ lára ayédèrú, torí ó ń fa nikẹ́lì náà. Ẹ gé etí rẹ̀, ẹ fi sínú omi iyọ̀ mọ́jú. Bó bá dípẹtà, irin tí wọ́n kàn fi nikẹ́lì bò ni. Ẹ má lo ásíìdì bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi iyọ̀ sínú omi tí ẹ máa fi iná sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ilé ìwé, ẹni tó ń kọ́ wa ní ká fi ṣíbí méjì ṣe é nínú omi iyọ̀. Kò pẹ́ tí omi náà fi yí padà sí àwọ̀ ewé, òórùn bíi ti Jik kún yàrá, ojú ń ta wá, a sì wúkọ́ fún ọjọ́ méjì. Kilorínì ni gáàsì yẹn, kúrómíọ̀mù inú ṣíbí sì ti yọ́ sínú omi, májèlé ni. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni kí ó pò mọ́ omi, kó ṣí fèrèsé, kó má gba gáàsì ju igò kékeré kan lọ, kó má jẹ́ kí gáàsì méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Kó lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, fọ́ltì 3 péré. Kó gé páànù mẹ́ta tó dọ́gba: méjì dídán, ìkẹta kó fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ dáadáa. Kó kọ́kọ́ lo dídán méjèèjì, kó ka áńpíà lójú mítà yín, kó wá fi èyí tó ha rọ́pò ti nẹ́gétíìfù láìyí àlàfo àárín wọn padà, kó sì tún kà á.